Ohùn Tí Ìyá Ọkọ Mi Yá Mi

Mo kí Ọlọ́run kí n tó kí ènìyàn. Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo dúpẹ́ tí ọ̀fun yìí ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìsìn òní. Pásítọ̀ wa ní kí n má pẹ́, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé n ò ní pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí tipẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín, torí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ fara dà á fún mi lónìí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹ ti gbọ́ ohùn mi kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Ohùn náà ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe há. Ẹ jẹ́ kó há bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè fi ohùn ẹyẹ kankan gbà á lọ́wọ́ mi.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé èmi Ìyá Àjíkẹ́, aṣọ ni mò ń tà. Mo ń ná ọjà Ìwó, mo ń ná Kuta, mo ń ná Olúpọ̀nnà. Ẹni tó ń taṣọ láìní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọkọ mi, Bàbá Àjíkẹ́ káfíńtà, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá polówó aṣọ ní Ìwó, àwọn ará Kuta á ti máa tọwọ́ bọ àpò. Nínú kọ́áyà wa níbí, ọ̀gá kọ́áyà ti bẹ̀ mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí n jẹ́ kí ìjọ gbọ́ àwọn yòókù náà. N ò bínú sí wọn. Mo fẹ́ràn ohùn mi ni, ó sì nídìí.

Ìyá tó bí mi kú nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu ọmú. Àwọn ẹbí sọ fún mi pé ìyá mi pupa, pé wọ́n ní èjí, pé wọ́n mọ ọbẹ̀ sè. Ohun tí mo bá bèèrè nípa wọn, wọ́n á sọ fún mi. Ohun kan ṣoṣo tí kò sẹ́ni tó lè fún mi ni bí ohùn wọn ṣe ń dún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí obìnrin kan bá ń pe ọmọ rẹ̀ lójú títì, mo máa ń dúró, mo máa ń rò ó pé ṣé báyìí ni ìyá mi ṣe ń pè mí. Nígbà tí mo wá bí Àjíkẹ́, àkọ́bí mi, mo sọ fún Ọlọ́run pé ohun kan ni mo ń tọrọ fún ọmọ yìí, kí ó mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ ìyá kan fún yín. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ẹ bá gbọ́ tí mo ní Ìyá, ìyá ọkọ mi ni mo ní lọ́kàn. Wọ́n ní orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìyá ọkọ. Mùsùlùmí ni Ìyá. Agbo ilé tí wọ́n gbé mi sí, ilé kéú ni, Bàbá Àjíkẹ́ nìkan ló ti ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì di onígbàgbọ́. Nígbà tí mo dé, àwọn kan ní Ìyá ò ní gbà mí nítorí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá dá wọn lóhùn pé, "Ìyàwó ni ọmọ mi gbé wálé, kò gbé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyàwó náà sì wù mí."

Ní ilé wa, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ìyàwó ilé ló ń lọ kúnlẹ̀ kí Baálé. Bàbá ọkọ mi ti dolóògbé, ẹ̀gbọ́n wọn ni Baálé wa, àgbà àáfáà sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sórí awọ àgbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyàwó tó bá kúnlẹ̀ tí kò la ẹnu, kò kí wọn nìyẹn. Orúnkún nìkan ò tó, ohùn gbọ́dọ̀ jáde. Àwọn ìyàwó àgbà bíi ti Ìyá, tí wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ nínú ilé, ti kúrò lẹ́ni tí à ń retí pé kó kúnlẹ̀. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á kí Baálé, wọ́n á kọjá. Ẹ fi èyí sọ́kàn fún mi.

Lẹ́yìn tí mo bí Àjíkẹ́, Ìyá ló ń wẹ̀ mí. Ẹ̀yin abiyamọ mọ irú ìwẹ̀ tí mò ń wí, omi gbígbóná tó máa ń mú kí èèyàn pe orúkọ baba rẹ̀, àti ọwọ́ àgbàlagbà tó ń tẹ ikùn, tó ń tẹ ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá ń fi kànìnkànìn fọ ọrùn mi, ọwọ́ wọn bá dúró. Wọ́n fi ìka wá ibẹ̀ lọ, wọ́n fi wá a bọ̀.

Wọ́n ní, "Kí lèyí?"

Mo fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó le, kò ju èkùrọ́ lọ, kò sì dùn mí rárá.

Gbogbo ẹni tó rí i ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ta ló ń bẹ̀rù gẹ̀gẹ̀ nílùú wa? A mọ àwọn arúgbó tí wọ́n gbé e sọ́rùn títí ọjọ́ alẹ́ wọn, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń jó. Obìnrin kan gbé àgbo wá láti Kuta, mo mu ún. Òmíràn ní òrí ni kí n fi máa pa á, mo fi òrí pa á. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ̀ díẹ̀, mo fi bò ó mọ́lẹ̀, mo ń bá ọjà mi lọ. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ náà ń dàgbà. Ó tó ẹyin ẹyẹlé. Bí mo bá gbé òkèlè mì, á dúró díẹ̀ lọ́nà kó tó kọjá. Ohùn mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Mo ní eruku ọjà ni, Bàbá Àjíkẹ́ ní ariwo mi ló pọ̀ jù.

Ìyá nìkan ni ọkàn wọn ò balẹ̀. Àwọn náà ò mọ ohun tó jẹ́, wọn ò sì pe ara wọn ní oníṣègùn. Wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ọrùn mi lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń wo iṣu lórí iná bóyá ó ti jinná. Nígbà tó yá, wọ́n pe ọmọ wọn jókòó.

"Mú ìyàwó rẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ní Ìbàdàn. Bó bá jẹ́ gẹ̀gẹ̀ ni, kí wọ́n sọ fún mi pé gẹ̀gẹ̀ ni, kí n lè máa sùn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ lọ́rì, èmi àti Bàbá Àjíkẹ́, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Ilé ìwòsàn ńlá kan ni a lọ. Dókítà òyìnbó kan ló yẹ̀ mí wò, ọkùnrin gíga tí ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nọ́ọ̀sì Yorùbá kan ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n yin obìnrin náà níwájú ìtẹ́ Ọlọ́run. Ọmọdé ni, bóyá ni ó fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n bó bá ní ọ̀rọ̀ líle láti sọ, kì í gbójú sí ibòmíràn. Wọ́n gé díẹ̀ lára nǹkan náà, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ẹ̀rọ wò ó, kí a padà wá. Nígbà tí a padà dé, dókítà sọ tirẹ̀ tán, nọ́ọ̀sì sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Àjíkẹ́, kì í ṣe gẹ̀gẹ̀. Jẹjẹrẹ ni."

Mo ti gbọ́ nípa jẹjẹrẹ rí, ti ọmú. N ò mọ̀ pé ó ń gbé ọrùn. Bàbá Àjíkẹ́ di ọwọ́ àga mú. Èmi ò sunkún. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mi yìí náà máa dúró lójú títì bíi tèmi, á máa fetí sí ohùn ìyá oníyàá. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, n ò lè fi ẹnu sọ ọ́ tán.

Dókítà ní jẹjẹrẹ tèmi kì í sáré, pé bí wọ́n bá tètè yọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ lọ́rùn, mo lè tọ́ ọmọ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń gbé ohùn gba ẹ̀yìn ibẹ̀ kọjá, nǹkan náà sì ti fara tì í. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ náà, ohùn mi lè lọ. Ó lè lọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè lọ pátápátá. Dókítà náà ò fi irọ́ tù mí nínú. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí ìyẹn títí dòní. Ó ní kí a lọ rò ó, ṣùgbọ́n kí a má pẹ́.

Ìyá ń pa ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo dé bá wọn. Mo jókòó tì wọ́n, èmi náà bu díẹ̀, mo ń pa á.

Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe gẹ̀gẹ̀ o. Wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Wọ́n ní ohùn mi lè lọ."

"Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé wàá wà?"

"Bí wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n ní mo lè wà."

"Bí o bá ní o ò yọ ọ́ nítorí ohùn?"

Mo tún bu ẹ̀gúsí sí i. A pa ẹ̀gúsí títí, n ò lè pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Àjíkẹ́ ò ní mọ ohùn mi."

Ìyá da ẹ̀gúsí ọwọ́ wọn sínú igbá. Wọ́n ní, "Àjíkẹ́ á mọ ọwọ́ rẹ. Á mọ òórùn aṣọ rẹ, á mọ ẹ̀yìn tí ó ń sùn lé. Ohùn ló kù, màá yá ọ ní tèmi. Ohunkóhun tí o bá fẹ́ sọ nínú ilé yìí, èmi á máa bá ọ sọ ọ́ títí Ọlọ́run á fi dá tìrẹ padà. Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ. Lọ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹ̀yin lẹ gbé mi sáàárín níbí yìí. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé mi lórí. Ẹ̀yin ìyá ìjọ gbààwẹ̀ nítorí mi, àwọn míì nínú yín tí wọ́n ní ọgbẹ́ inú náà gbà á. N ò jẹ́ gbàgbé. Nílé, Ìyá kọjú sí gábàsì, wọ́n pẹ́ lórí ẹní ju bí wọ́n ṣe máa ń pẹ́ lọ. Mò ń gbọ́ orúkọ mi láàárín èdè Lárúbáwá tí n ò gbọ́. Pásítọ̀, ẹ má bínú pé mo sọ èyí níbí. Ẹ̀rí tí mo bá fi ìdajì rẹ̀ pamọ́, irọ́ ni. Pásítọ̀ ń mi orí pé kí n máa sọ ọ́ lọ. Ẹ ṣeun, sà.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Wọ́n gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì gíga kan, wọ́n fi nǹkan bo imú mi, òórùn rẹ̀ mú púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa ka ení, èjì, títí oorun á fi gbé mi lọ. N ò kà á. Àjíkẹ́ ni mò ń pè. Mo ní bó bá jẹ́ pé ohùn yìí ò ní í padà, orúkọ ọmọ mi ni kó fi parí ọ̀rọ̀. Àjíkẹ́, Àjíkẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é títí n ò fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọrùn mi. Mo la ẹnu láti bèèrè ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Mo tún gbìyànjú, afẹ́fẹ́ náà ni. Ọwọ́ àti ètè mi ń ta mí bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀, wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, ó lọ. Dókítà wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun yọ. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni wọ́n wò sàn. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tá mi lórí. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa lo oògùn oníhóró kan láràárọ̀, torí ohun tí wọ́n yọ lọ́rùn mi ló máa ń fún ara lókun, oògùn yẹn ló rọ́pò rẹ̀, n ó sì máa lò ó títí ayé mi. Ó ní ohùn lè padà, kí n má ṣe jáwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ obìnrin nílé ẹ̀kọ́, ẹ bá mi gbàdúrà kí ọmọ yín dà bíi nọ́ọ̀sì yẹn.

Gbogbo ìgbà tí mo fi wà ní Ìbàdàn, ọwọ́ Ìyá ni Àjíkẹ́ wà. Wọ́n ń fún un ní ògì. Bó bá sunkún ọmú, Ìyá á ki ọmú tiwọn bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmú tí omi ti gbẹ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn ìyàwó ilé ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ní, "Èmi náà mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀. A jọ ń tan ara wa jẹ ni." Bàbá Àjíkẹ́ ló wá sọ ọ́ fún mi ní wọ́ọ̀dù. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ojú ọgbẹ́ fi dùn mí, lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún.

Mo padà sí Ìwó. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìyá tó dìde lórí ẹní àdúrà, mo ti lọ kí Baálé. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ojú Baálé ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò rí ohun tí wọ́n fi wé mi lọ́rùn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ara mi ti yá, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ohùn ti lọ.

Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

N ò lè dáhùn. Wọ́n tún bèèrè. N ò lè dáhùn.

Baálé ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ti kọ́ ìyàwó ilé wa pé a kì í kí àgbà mọ́." Wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà wọn lọ.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń bọ́. N ò lè dìde láìkí wọn, n ò sì lè kí wọn. Mo wá gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá ni. Orúnkún Ìyá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tipẹ́, bí wọ́n bá fẹ́ jókòó, wọ́n á kọ́kọ́ di ògiri mú. Lọ́jọ́ náà, èjìká mi ni wọ́n dì mú. Wọ́n kúnlẹ̀ tì mí, orúnkún méjèèjì nílẹ̀, bí ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lánàá.

Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ ò jíire bí? Ìyàwó yín, Ìyá Àjíkẹ́, ló ń kí yín. Ó ti dé láti Ìbàdàn. Wọ́n yọ àìsàn lọ́rùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò tíì padà. Ẹnu mi ló fi ń kí yín."

Baálé dá ọwọ́ tẹ̀sùbáà dúró. "Ìyálé, dìde. Ìwọ kọ́ ló yẹ kó wà nílẹ̀."

"Mo ń dìde bọ̀, Bàbá. Tèmi ni n ò tíì kí."

Ìyá dìde, wọ́n gbọn ẹ̀wù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí àwọn ìyàwó àgbà ṣe ń ṣe, wọ́n wá kí Baálé tiwọn. Baálé na ọwọ́, wọ́n wá orí mi títí wọ́n fi rí i, wọ́n gbé ọwọ́ lé e, wọ́n ṣe àdúrà fún mi.

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ náà lọ, láràárọ̀ ni Ìyá ń kúnlẹ̀ tèmi, tí wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Baálé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé orúnkún tèmi nìkan ti tó. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé ìgbà kan wà tí Ìyá Àjíkẹ́ ò kí ilé. Mo ti rí èèyàn tó lawọ́, mo ti rí èèyàn tó lójú àánú. N ò tíì rí ẹni tó fi orúnkún tó ń dùn ún ra iyì fún aya ọmọ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bá mi kí ilé ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ fún ọmọ. Wọ́n á wo ẹnu mi, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Àjíkẹ́, ìyá rẹ ní o káàárọ̀. Ó ní ṣé o sùn dáadáa?" Òtítọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́, irọ́ wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní, "Ìyá rẹ ní kò sí ìyá ọkọ tó dára tó tòun ní gbogbo Ìwó." Wọ́n á pe Bàbá Àjíkẹ́, wọ́n á ní, "Ìyàwó rẹ ní kí o ra ẹran wá fún ìyá rẹ." Bàbá Àjíkẹ́ á wò mí, èmi á mi orí pé rárá, Ìyá á ní, "Ṣé o rí i, ó ní bẹ́ẹ̀ ni." Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí kò dún, inú á sì máa bí mi díẹ̀. Ẹ wo ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bíi tèmi, tí wọ́n ń purọ́ mọ́ lójúkojú, tí kò lè jiyàn.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan. Àjíkẹ́ ti ń rá, ó ti ń fẹ́ dìde dúró. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ Ìyá, ó ń na ọwọ́ sí agolo ṣúgà. Mo ti kìlọ̀ títí pé n ò fẹ́ kí ọmọ yìí máa lá ṣúgà. Mo fi ọwọ́ kìlọ̀, mo fi ojú kìlọ̀. Ìyá bu ṣúgà sí àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n wojú mi dáadáa.

Wọ́n ní, "Àjíkẹ́, ìyá rẹ ní kí n máa fún ọ ní ṣúgà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ó ní ẹni tó bá sọ pé rárá, ọ̀tá rẹ ni."

Mo ní, "N ò sọ bẹ́ẹ̀."

Kì í ṣe ariwo. Ó há, ó tín-ín-rín, bí ilẹ̀kùn tí òjò ti mú kó wú. Èmi gan-an ò mọ̀ pé èmi ni. Àjíkẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbé ojú kúrò lára ṣúgà, ó ń wo ẹnu mi.

Ìyá ní, "Tún un sọ."

"N ò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹ má fún un ní ṣúgà."

Ìyá da ṣúgà padà sínú agolo, wọ́n pa agolo dé. Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Àjíkẹ́ náà bá wọn sun ún, èmi náà sun tèmi, mo sì gbọ́ ẹkún ara mi.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń purọ́ mọ́ ọ ni mo ti ń retí rẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ọjọ́ tó bá dá ohùn ọmọ yìí padà, ìjiyàn ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo gbà ọ́ wọlé, ṣé n ò mọ̀ ọ́ ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú Baálé. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Èmi ni, Bàbá, ìyàwó yín. Ẹ káàárọ̀. Ẹ ò jíire bí?" Wọ́n ní kí n tún wọn kí, mo tún wọn kí.

A ti padà lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tẹ ọrùn mi síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, kò rí nǹkan kan. Ó ní kí n máa padà wá kí òun máa wò ó, mo sì ń lọ. Mò ń lo oògùn mi láràárọ̀. Àpá tó wà lọ́rùn mi nìyí, n ò fi ìlẹ̀kẹ̀ bò ó mọ́. Ọlọ́run tó ṣe èyí, òun ló fún dókítà lọ́wọ́, òun ló fún nọ́ọ̀sì lọ́kàn, òun ló sì ti fi Ìyá sínú ilé yẹn dè mí kí n tó mọ̀ pé mo máa nílò wọn.

Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ bá mi bojú wẹ̀yìn, ní bẹ́ńṣì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ìyá tó fi ìborùn funfun borí, tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ yẹn, àwọn ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní àwọn á wá, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà làwọn á jókòó sí, torí mo máa ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀, àwọn ò sì fẹ́ pàdánù ìrun àílà.

Ìyá, ẹ má dìde. Ẹ ro ti orúnkún yín. Èmi ni mo máa kúnlẹ̀ lónìí, n ó sì kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Ìyá tó bí mi ni wọ́n ń kí yín. Wọn ò ní ohùn mọ́, ẹnu mi ni wọ́n fi ń kí yín. Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ bá àwọn tọ́jú ọmọ àwọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ ò jẹ́ kí ọmọ-ọmọ àwọn dúró lójú títì máa fetí sí ohùn ẹlòmíràn. N ò mọ bí ohùn wọn ṣe ń dún, Ìyá. Ẹ bá wọn gba tèmi yìí bó ṣe há tó.

Èkejì ni tèmi. Ìyá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ò jíire bí?

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ gbọ́ ọmọ tó ń dáhùn lẹ́sẹ̀ wọn yẹn? Kò tíì mọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Ti Ọlọ́run ni ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi kọrin ìyìn sí i, kí ẹ sì jó dé ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, torí Ìyá ò ní lè rìn wá síwájú.